Ọ̀dà Kì í Wo Rímù Tó Sán: Ohun Tí Táyà Ẹ̀yìn Kọ́ Wa Lọ́nà Ìtọ́ìkín

  

Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Àsìkò tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbé ọkọ̀ sẹ́yìn ilé láti tún un ṣe nìyí, kí ọjà ọdún Kérésì tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, èèyàn mẹ́ta ló bi wá pé irú ọ̀dà wo la fi kun rímù Canter wa tó fi ń dán báyìí. A lè dárúkọ ọ̀dà náà ní ìlà kan kí ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ju ọ̀dà lọ. Ọ̀dà tí a fi ọwọ́ ara wa kùn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ wa lọ́dún tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á dé ìparí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń jẹ́ kí èèyàn jókòó sórí ẹrù.

Àwa mẹ́ta la ni ọkọ̀ yìí, ọmọ ìyá kan náà. Èyí àgbà nínú wa ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́, lọ́jà Olúwo. Èyí tó tẹ̀ lé e ń dáko ẹ̀gẹ́, ó sì ń sin adìyẹ ní Ìmọ́tà, ìlú tí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ìjọba Èkó wà lápá Ìkòròdú. Àbíkẹ́yìn ló ń wa ọkọ̀. A da owó pọ̀, a ra Canter tòkunbọ̀, táyà mẹ́fà: méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, àti ọ̀kan tó jẹ́ àfipamọ́. Bó bá kó ìgbẹ́ adìyẹ lọ fún àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ lápá Ẹ̀pẹ́, á kó ẹja bọ̀. Bó bá kó ẹ̀gẹ́ lọ sí Mile 12, á kó ohun tí ọlọ́jà bá fún un bọ̀. Ọkọ̀ náà kì í sinmi, àwa náà kì í sinmi.

Ẹ wo ẹrù tí a kà yẹn dáadáa, ẹ ó mọ ìdí tí rímù wa fi dógùn-ún. Irin kì í dógùn-ún láìsí omi àti afẹ́fẹ́, iyọ̀ sì máa ń jẹ́ kó yá. Omi yìnyín tó ń jò lára ẹja, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tó rin, ó ń jẹ irin. Ajílẹ̀ òyìnbó tó dà sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tí ìrì sẹ̀ sí, òun náà ń jẹ irin. Ẹrẹ̀ pupa ojú ọ̀nà oko á wá lẹ̀ mọ́ àárín táyà méjì ẹ̀yìn, níbi tí oòrùn kì í dé, á wà níbẹ̀ ní tútù fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin náà ẹ wo rímù ẹ̀yìn tó wà nínú lọ́hùn-ún, kì í ṣe èyí tó wà níta. Ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń jẹun láìsí ẹni tó rí i.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ibi tí ọ̀dà bá ti bó diẹ̀ ni ẹnu ògiri.

BÍ A ṢE KỌ́KỌ́ ṢE É

Lọ́jọ́ Sátidé kan, a ra ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà àti búrọ́ọ̀ṣì méjì. A tú àwọn táyà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ibi tí ojú rí, a sì da ọ̀dà bò ó. A kùn ún níwájú, a kùn ún lẹ́yìn, a kùn ún nínú ihò bóòtù, a kun ojú ibi tí rímù ti ń fara kan họ́ọ̀bù. Ẹ̀ẹ̀mẹta la kùn ún, ó nípọn bí ẹ̀kọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ wa ń dán bíi ti ọlọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àwọn ará àdúgbò wá ń wò ó. Inú wa dùn.

Lọ́jọ́ Ajé, a di àpò ìgbẹ́ adìyẹ kún un ní Ìmọ́tà, a kọrí sí Ẹ̀pẹ́. Ọmọkùnrin àgbà wa, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wà lókè lórí àpò, nítorí òun ni yóò bá wa já ẹrù. Bí a ṣe kọjá Ìtọ́ìkín diẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ kò-kò-kò lẹ́yìn. A rò pé àpò kan ló ń lu pákó. A ò dúró.

Ọlọ́kadà kan ló sáré bá wa, ó ń ju ọwọ́: "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ dúró o! Táyà ẹ̀yìn yín ń jó!" A kọ́kọ́ rò pé iná ló ní. A já sílẹ̀ pẹ̀lú omi inú kẹ́ẹ̀gì. Iná kọ́. Ijó ni táyà ń jó lóòótọ́. Nọ́ọ̀tì méjì ti já lọ. Àwọn tó kù, ìka ọwọ́ la fi ń yí wọn. Ihò bóòtù tó rí rogodo tẹ́lẹ̀ ti gùn bí ẹyin.

Ọmọ náà yọjú láti òkè, ó ní, "Ṣé a ti dé ni?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọkọ̀ tó kún, lórí ìrìn, táyà méjì ẹ̀yìn lápá kan ìbá yọ lẹ́ẹ̀kan náà, àpò ìbá dà, ọmọ ìbá wà lábẹ́ wọn. Ọlọ́kadà yẹn kò dúró gba ọpẹ́. Ọlọ́run á bá wa san án fún un.

Bàbá fọkanáísà kan ló wá bá wa níbẹ̀. Bàbá ò sọ̀rọ̀. Wọ́n yọ táyà, wọ́n fa ọ̀bẹ yọ, wọ́n fi ha ojú rímù tó ń fara kan họ́ọ̀bù. Ọ̀dà ń bó bí èèpo ẹyin. Wọ́n kó o sí àtẹ́lẹwọ́ wa. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọ̀dà lẹ dè, ẹ ò de irin."

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bàbá, torí òun ni gbogbo ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ẹ bá de nọ́ọ̀tì le, bóòtù náà ń fà diẹ̀, bíi rọ́bà, ó sì ń fi agbára yẹn fa rímù mọ́ họ́ọ̀bù, irin mọ́ irin. Ìfàmọ́ra yẹn ló ń gbé ẹrù. Bí ọ̀dà tó nípọn bá wà láàárín, nọ́ọ̀tì á le lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà, ẹ ó rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, tí ooru bíréèkì ń mú un, tí ẹrù ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀dà á fọ́, á lọ̀ kúnná, á dà nù. Àyè á ṣí sílẹ̀. Ìfàmọ́ra á lọ, nọ́ọ̀tì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀yìn tó jẹ́ táyà méjì, ojú mẹ́ta lọ̀dà ti lè ṣe iṣẹ́ ibi yìí: láàárín họ́ọ̀bù àti rímù inú, láàárín rímù méjèèjì, àti lábẹ́ nọ́ọ̀tì.

ÌJÀ TÍ A JÀ LÓRÍ RÍMÙ KAN

A dé ilé, a ní a ò tún gbẹ́kẹ̀ lé ojú mọ́. A pinnu láti bó gbogbo ọ̀dà náà kúrò, kí a rí irin gan-an. Rímù méje. Lórí ìkẹrin la ti rí i: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, láti ihò bóòtù kan lọ sí ìkejì.

Ọ̀kan nínú wa ní kì í ṣe nǹkan kan, pé wẹ́dà á jó o pọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òmíràn ní kí a jù ú nù. Ìkẹta ní owó rímù dà? Ká má purọ́, a bínú síra wa fún ọjọ́ méjì. Rímù kan ò wọ́n bí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù yẹn, oúnjẹ adìyẹ ti kó owó ọwọ́ wa lọ.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé a tún bi bàbá fọkanáísà léèrè. Wọ́n ní rímù tó bá ti sán, wẹ́dà kì í mú un padà bọ̀ sípò. Iná wẹ́dà máa ń mú kí irin ẹ̀gbẹ́ ibi tó jó le gírígírí tàbí kó rọ̀, ibẹ̀ ni yóò tún ti sán, ẹ ò sì ní rí i torí ọ̀dà á ti bò ó. A gbà. A ò wulẹ̀ jù ú sí ààtàn. A ní kí wẹ́dà gé e sí méjì kí a tó tà á fún àwọn oníkóńdẹ̀ǹmú. Ìdí ni pé bí a bá tà á lódidi, ẹlòmíràn á kùn ún, á tún tà á fún àgbẹ̀ bíi tiwa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà síbẹ̀.

BÍ A ṢE Ń ṢE É NÍSINSÌNYÍ

1. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ẹ gbé ọkọ̀ sí. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta tàbí igi dí táyà tí ẹ ò ní tú. Ẹ tú nọ́ọ̀tì diẹ̀ kí ẹ tó fi jáàkì gbé e. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ ki igi tó nípọn bọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ rántí pé ní ọ̀pọ̀ Canter àtijọ́, nọ́ọ̀tì apá òsì ọkọ̀ ń yí sódì. Ẹ wò ó bóyá lẹ́tà L wà lórí bóòtù, kí ẹ má baà fi agbára ṣẹ́ ẹ.

2. Bí rímù yín bá jẹ́ irú èyí tó ní òrùka irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yọ píìnì kékeré inú ẹnu táyà kí afẹ́fẹ́ jáde tán PÁTÁPÁTÁ kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì. Bó bá jẹ́ táyà méjì ẹ̀yìn, ẹ yọ ti méjèèjì. Òrùka tí ìpẹtà ti jẹ lè fò yọ bí ọta ìbọn, ó sì ń pa èèyàn. Bíbọ́ táyà kúrò lára rímù, iṣẹ́ fọkanáísà ni. Ẹ san owó rẹ̀, ẹ má fi òòlù àti àáké ṣe é nílé.

3. Ẹ fọ rímù pẹ̀lú ọṣẹ àti omi púpọ̀ kí ẹ tó ha á. Iyọ̀ àti ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ. Ọ̀dà tí ẹ bá kùn lórí iyọ̀, abẹ́ rẹ̀ ni ìpẹtà á ti tún máa dàgbà.

4. Ẹ fi òòlù kékeré gbá èèpo ìpẹtà tó nípọn, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà ń pè ní filing machine lè fi búrọ́ọ̀ṣì onírin rẹ̀ ṣe é kíákíá, ṣùgbọ́n kó má fi òkúta ẹ̀rọ náà jẹ irin gan-an. Lẹ́yìn náà, sáńpépà 80, kí ẹ wá fi 120 dán an. Ẹ bo imú, ẹ bo ojú. Eruku ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, ẹ má ṣe é nítòsí adìyẹ, oúnjẹ tàbí ọmọdé.

Fún ihò wẹ́wẹ́ tí búrọ́ọ̀ṣì ò dé, oògùn ìpẹtà wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀dà ọkọ̀. Ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ó máa ń sọ ìpẹtà di ohun dúdú tí kì í jẹ irin mọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ má lo omi bátìrì o! Ó ń jó ara, ó ń fọ́ ojú, ó sì lè sọ bóòtù líle di ẹlẹgẹ́ tí yóò ṣẹ́ lójijì.

5. Ẹ wá ibi tó sán. Ẹ má fo èyí. Ẹ wo ihò bóòtù yíká, ẹ wo ihò ńlá tí ọwọ́ ń wọ̀, ẹ wo ibi tí a ti jó àárín rímù mọ́ etí rẹ̀. Bàbá fọkanáísà kọ́ wa ní ọgbọ́n kan: ẹ fi kẹrosíìnì nu irin tí ẹ ti ha mọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kí ẹ wá fi ẹfun kùn ún. Bí ó bá sán, kẹrosíìnì tó ti wọ inú ibẹ̀ á yọ padà, á fa ìlà tútù sára ẹfun. Ẹ má rò pé ọgbọ́n ìta gbangba lásán ni. Irú rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè òkè òkun ń lò fún irin ọkọ̀ ojú irin kí ẹ̀rọ ìgbàlódé tó dé. Bí ìlà bá yọ, tàbí ihò bóòtù ti gùn, tàbí etí rímù ti tẹ́ẹ́rẹ́ tí òòlù ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, rímù yẹn ti parí. Ẹ má ná owó ọ̀dà lé e lórí.

6. Ẹ fi tínà nù ún kí òróró kúrò. Láti ìgbà náà, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án. Ọjọ́ tí ẹ ha á náà ni kí ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, ìyẹn red oxide, torí ìrì òru kan ti tó láti dá ìpẹtà padà. Ẹ má ṣe é ní àárọ̀ tí ìrì ṣì wà tàbí nígbà tí òjò ń ṣú. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán ló dára jù.

7. Ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sàn ju èyí tó nípọn lẹ́ẹ̀kan lọ. Ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ. Kí ẹ tó kùn ún, ẹ fi pépà àti téèpù bo ojú ibi tó ń fara kan họ́ọ̀bù, ojú ibi tí rímù méjì ti ń fara kan ara wọn, àti ẹnu ihò tí nọ́ọ̀tì ń jókòó lé. Ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba ju red oxide fẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ. Níbi tí ẹsẹ̀ táyà ń jókòó sí, ẹ jẹ́ kó dán, kó má ní ìkókó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà tí kò ní túùbù á máa jò. Ẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ dáadáa. Àwa máa ń fún un ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí a tó gbé táyà wọ̀ ọ́.

8. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì nu ojú họ́ọ̀bù náà. Ẹ má de nọ́ọ̀tì yíká bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ de ọ̀kan, kí ẹ lọ sí èyí tó dojú kọ ọ́. Bí ẹ bá ti rin nǹkan bíi kìlómítà 50 sí 100, ẹ dúró, ẹ tún wọn dè. Èyí tó ní nọ́ọ̀tì méjì lórí bóòtù ẹ̀yìn, ẹ tú ti òde, ẹ de ti inú, kí ẹ wá de ti òde padà. Nínú gbogbo nǹkan tí a kọ sókè, bó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ máa rántí, ẹ rántí èyí.

OHUN TÍ Ẹ Ò GBỌDỌ̀ ṢE

Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà fi iná kan rímù tí táyà ṣì wà lára rẹ̀. Kódà bí afẹ́fẹ́ ti jáde! Ooru á mú kí rọ́bà inú rẹ̀ tú èéfín tó lè gbiná, ó lè bú gbàù. Bí wọ́n bá ń fẹ́ táyà olórùka, kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú rẹ̀. Kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é tàbí kí wọ́n gbé e sínú àgò irin, kí okùn afẹ́fẹ́ gùn. Ẹ má fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti jó pa rímù lára nítorí ìpẹtà. Ó ń sọ rọ́bà táyà di rírọ̀.

Bí ẹ bá rí ìlà pupa tó ń ṣàn láti abẹ́ nọ́ọ̀tì bí omijé, ẹ má kàn nù ún kúrò. Nọ́ọ̀tì yẹn ti lè máa mì. Ó ń bá yín sọ̀rọ̀ ni. Tiwa ò ráyè sọ̀rọ̀, ọ̀dà ti dí i lẹ́nu.

Fún ẹ̀yin tó ń ra rímù tòkunbọ̀, ibi tí a ní a óò padà sí nìyí. Rímù tó ń dán lójú ọjà kọ́ ni rímù tó dára. Ẹ mú sáńpépà kékeré lọ́wọ́ lọ. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ẹ fẹ́ ha ẹnu ihò bóòtù wò. Ẹni tí ọjà rẹ̀ mọ́ á gbà. Ẹni tó bá ń pariwo pé ẹ fẹ́ ba ọ̀dà òun jẹ́, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún là ń ṣe é, ní oṣù kọkànlá sí ìkejìlá. Rímù méjì lọ́sẹ̀ kan, kí ọkọ̀ má baà jókòó. Lójoojúmọ́ tí a bá já ẹja tàbí ìgbẹ́ adìyẹ, a ń da omi tó mọ́ sí àárín táyà ẹ̀yìn. Omi kẹ́ẹ̀gì méjì ni. Òun ló jẹ́ kí ọ̀dà wa pẹ́ tó báyìí, kì í ṣe orúkọ tó wà lára agolo.

Ọmọ wa ò gun orí ẹrù mọ́. Iwájú ló ń jókòó, òun ló sì ń mú sípánà bí a bá dúró láti tún nọ́ọ̀tì dè. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ògún ò ní fi ẹ̀jẹ̀ wa wẹ̀ lójú ọ̀nà o.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọgbọ́n tó ju èyí lọ, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí àwa náà kọ́ ọ. Ẹ fi ránṣẹ́ sí dírẹ́bà tó ń kó ẹrù yín. Ire o.